“Ebi Ń Pa Mí” Kò Ṣeé Fìfé Wí

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a bí sínú èdè náà kò ní í fi ẹnu kàn títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé bá wọn. Esurient ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni. Ẹni tí ebi mú gidigidi ni àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ń fi pè, wọn a sì tún máa fi pe ẹni tí ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́ nítorí ohun kan tó ń fẹ́. Inú àwọn ìwé atúmọ̀-èdè ńláńlá ló ń gbé, bí ìlẹ̀kẹ̀ ọba tó ti wàjà ṣe ń gbé inú àpótí: gbogbo ayé mọ̀ pé ó wà, a kì í sì í rí i lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni, ọ̀ràn rẹ̀ kò bá tí kan Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó ní ìbátan, ravenous, voracious, famished, greedy, àwọn wọ̀nyí kò sì jókòó sínú àpótí. Inú ìwé ìròyìn ni wọ́n wà, inú ìwé ìdánwò, inú ìwé pélébé tí ilé ìwòsàn ń pín, àti lórí tábìlì ẹni tó ń túmọ̀ ìròyìn fún rédíò. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè ohun tí Yorùbá ń pè wọ́n. Ìdáhùn tí wọ́n ń rí gbà ni ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ yìí.

Oríṣi ìdáhùn mẹ́ta ni a ń gbọ́. Àwọn kan a ní Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn a sì sọ ọ́ bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí i, bí ẹni pé àléébù tí wọ́n ti ń wá lára ìyá wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Àwọn kejì a jókòó sínú yàrá, wọn a so ìró mọ́ ìró, wọn a gbé ọ̀rọ̀ gbọọrọ jáde irú bí “aláfebijàgùdù”, wọn a sì máa retí pé kí ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní Ọjà Ọba kí àwọn kú iṣẹ́. Ẹ̀rín ni ọ̀ràn àwọn méjèèjì yìí. Àwọn kẹta ni kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Àwọn ni wọ́n máa ń wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fìrí, wọn a na ọwọ́ sí èyí tó bá sún mọ́ wọn jù lọ, ìbáà ṣe wọ̀bìà, ìbáà ṣe alájẹkì, ìbáà ṣe oníwọra tàbí ọ̀kánjúwà, wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹni tí ebi ń pa, wọn a sì kọjá lọ. Wọ́n rò pé ìtumọ̀ ni àwọn ṣe. Ẹjọ́ ni wọ́n dá.

Ó dára kí ènìyàn kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Láti inú èdè Látìnì ni wọ́n ti mú un. Àwọn ará Róòmù ìgbàanì a máa pe jíjẹ ní edere. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé jíjẹ ń wu ènìyàn, wọn a yí ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn kan náà padà díẹ̀, a di esurire. Bákan náà ni wọ́n ṣe fa parturire, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún obìnrin tó ń rọbí, yọ láti ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ọmọ bíbí. Ọgbọ́n èdè tiwọn nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n kò sí ọlá kankan lára esurire nígbà náà. Ẹrú ń lò ó, ọmọdé ń fi ké sí ìyá rẹ̀. Nígbà tí Jerome ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí Látìnì ní ìparí ọ̀rúndún kẹrin, òun ló wà nínú orin Màríà, ní Lúùkù orí 1 ẹsẹ 53, fún àwọn tí Ọlọ́run fi ohun rere bọ́. Ní 1611, àwọn ọ̀mọ̀wé tí Ọba James kó jọ gbé Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tiwọn jáde. Kò sí èyí tí kò gbọ́ Látìnì nínú wọn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ náà, kò sí èyí tó gbé esurient síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé, èyí tí àgbẹ̀ ilẹ̀ wọn ń sọ lóko, ni wọ́n lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nínú Bíbélì Yorùbá tó jáde ní odindi ní 1884. Ebi tó ń pa ènìyàn ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn kò wá ohun mìíràn kún un. Ọmọ Òṣogùn ni Crowther. Ní 1821 ni ogun kó ìlú náà, tí wọ́n mú un lẹ́rú, tí wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí òkun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ìwé atúmọ̀-èdè kí ó tó mọ ohun tí ebi ń jẹ́.

Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì wá gbé ọ̀rọ̀ ẹrú àti ọmọdé Róòmù yìí, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n sì fi jẹ oyè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn mọ̀ pé oyè náà kò bá a mu. Ní 1972, ẹgbẹ́ aláwàdà tí wọ́n ń pè ní Monty Python ṣe eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n BBC. Ọkùnrin kan wọ ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta wàràkàṣì, ó sì fi ọ̀rọ̀ àbọ́kẹ́ sọ fún ẹni tó ń tajà pé ó ń ṣe òun bíi kí òun fi nǹkan panu. Kò yé ìyẹn. Ọkùnrin náà bá gbé esurient kalẹ̀. Ìyẹn tún yanu sílẹ̀. Ìgbà tó wá fi ohùn àwọn ará oko apá àríwá ilẹ̀ wọn sọ ọ́, pé ebi ń pa òun, ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yé ẹni tó ń tajà. Ìyókù eré náà kò ju kí oníbàárà máa dárúkọ oríṣiríṣi wàràkàṣì lọ, kí wọ́n sì máa sọ fún un pé kò sí lórí igbá. Bí ebi ṣe bá a wọlé ni kò ṣe fi í sílẹ̀. Títí di òní ni wọ́n ń fi eré náà rẹ́rìn-ín. Ó wá jẹ́ ìyàlẹ́nu pé ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ni ín fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, òun ni olùkọ́ kan yóò gbé ka iwájú ọmọ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, tí yóò fi wọn èdè ọmọ náà, tí yóò sì ní ó kúrú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ ló ta kókó. Ravenous gba inú èdè Faransé àtijọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá ọ̀rọ̀ Látìnì tí wọ́n ń pe ìfipágbà tan. Voracious wá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí kí a gbé nǹkan mì káló. Greedy, láyé àtijọ́ wọn, ebi àti ojúkòkòrò ló pa pọ̀. Nítorí náà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá fi ọ̀kan nínú wọn pe ènìyàn, ó ń sọ ohun méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: pé inú ẹni náà ṣófo, pé ó ń fi ìkánjú wá ohun tí yóò kún un, àti pé bí wọn kò bá fún un, ó lè já a gbà. Ẹni tó ń kà á ni yóò fi ojú inú yan èyí tó bá mu. Starve nìkan ló yàtọ̀. Ikú ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn bá Gẹ̀ẹ́sì tan, ṣì ń lo sterben fún kíkú títí di òní, ó sì pẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì tó sọ tirẹ̀ di ti ebi. Ẹni tó bá ń wá ibi tí èdè méjèèjì ti pàdé, ibẹ̀ ni kí ó wò, nítorí pé ohun tí Yorùbá náà ń wí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ebi ń pa ènìyàn.

Ebi ń pa mí. Gbólóhùn náà kúrú, àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sì í dúró wò ó. Ebi ni olùwà níbẹ̀. Òun ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni àbọ̀. Òun ni wọ́n ń ṣe é sí. Kò sí ibi tí gbólóhùn náà ti sọ irú ènìyàn tí ẹni náà jẹ́. Ọba lè sọ ọ́, alágbe lè sọ ọ́, kò sì fi kún ìwà èyíkéyìí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò yọ nínú rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ mí, òtútù ń mú mi, oorun ń kùn mí, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀: nǹkan kan ló wá bá ènìyàn. Wọ̀bìà kò rí bẹ́ẹ̀. A kì í sọ pé wọ̀bìà ń pa ẹnì kan. Wọ̀bìà ni ènìyàn ń jẹ́. Orúkọ ìwà ni, ó sì ṣeé fi bú ọmọ, ó ṣeé fi kọ ọkọ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá túmọ̀ ọ̀kan sí èkejì ti mú ohun tó wá bá ènìyàn láti òde, ó sì ti rì í mọ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ náà ń sọ òtítọ́ kan láìmọ̀. Òótọ́ ni pé kò ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan ṣoṣo tí yóò dúró síbi tí esurient dúró sí. Láti ìgbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ti gbé ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1966, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1978, àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ àpèjúwe Yorùbá, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó àti ohun tó yẹ kí á máa pè wọ́n, kò tíì tán nílẹ̀. Ohun tí kò mú iyàn lọ́wọ́ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbé fún ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Kí ni àléébù nínú ìyẹn? Ẹni tó fi apẹ̀rẹ̀ ru iṣu àti ẹni tó fi àpò rù ú, iṣu ni wọ́n jọ gbé délé. Bí ó bá sì jẹ́ bí ebi ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń béèrè, ẹnu Yorùbá kò gbẹ. Ebi a máa pa ènìyàn kí inú rẹ̀ máa kùn. A máa pa á kí ojú rẹ̀ ṣú. A máa pa á kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbọ̀n. A sì máa pa á kí ó má lè gbé ọwọ́ mọ́ nígbà tí oúnjẹ bá dé. Ìyàn yàtọ̀ sí ebi, ọ̀wọ́n yàtọ̀ sí ìyàn, ààwẹ̀ sì ni ebi tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Nígbà tí àwọn àgbà bá ń pa òwe, ìṣẹ́ ni wọ́n ń so ebi mọ́: bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Olè ni wọ́n so ọ̀kánjúwà mọ́, wọ́n ní déédé ni àwọn méjèèjì jẹ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ kí àgbà kan pààrọ̀ àwọn òwe yìí fún ara wọn rí.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó padà sídìí àlọ́. Àìmọye àlọ́ Ìjàpá ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyàn: òjò kọ̀, iṣu kò ta, gbogbo ẹranko ń rù. Níbẹ̀, ebi kò mọ ẹnì kan ju ẹnì kan lọ. Nínú àlọ́ Ajá àti Ìjàpá, àwọn méjèèjì ni ebi ń pa, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ lọ wa iṣu olóko. Olè ni wọ́n, kò sí àwíjàre. Ṣùgbọ́n Ajá wa ìwọ̀n tí ó lè rù, ó sì múra àtilọ. Ìjàpá ń wà, ó ń wà, títí ẹrù fi ju agbára rẹ̀ lọ, ẹrù náà ló sì dá a dúró de olóko. Apàlọ́ kò pe Ajá ní wọ̀bìà. Ibi tí iṣu ti kọjá ohun tí inú ń fẹ́ ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àlọ́ àsáró tó bó Ìjàpá lórí nílé àna rẹ̀, kò tilẹ̀ sí ebi níbẹ̀ rárá: ilé àna ni, oúnjẹ kò wọ́n ọn, ó tún lọ bu gbígbóná sínú fìlà. Ọmọ ọdún méje tó jókòó lábẹ́ òṣùpá mọ ìyàtọ̀ yìí. Kò bójú mu kí ẹni tó gboyè ní yunifásítì má mọ̀ ọ́n.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní apàlọ́ tirẹ̀ tó rí i. Ní 1837 ni ìtàn Oliver Twist tí Charles Dickens kọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ìjọba ilẹ̀ wọn ṣe òfin tuntun lórí àwọn tálákà. Ọmọ òrukàn inú ìtàn náà fọn ẹ̀kọ mímu rẹ̀ tán, ẹ̀kọ tó ṣàn bí omi, ó gbé abọ́ rẹ̀ lọ síwájú, ó ní kí wọ́n fún òun sí i. Àwọn ọkùnrin sísanra tó ń ṣàkóso ilé náà kò gbọ́ ebi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àfojúdi ni wọ́n gbọ́, ọ̀kan nínú wọn sì ti rí okùn tí wọn yóò fi so ọmọ náà kọ́ lọ́jọ́ iwájú. Kí ẹni tó yó máa fún ẹni tí ebi ń pa ní orúkọ ìwà, ohun tí Dickens ń bá jà gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tú ìtàn náà sí Yorùbá, tí ó sì pe ọmọ náà ní oníwọra, ti lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alákòóso.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà, èyí tó jẹ mọ́ ìháragàgà, kò gba àlàyé púpọ̀. Gẹ̀ẹ́sì a máa pe ẹni tó fẹ́ràn ìwé kíkà ní voracious. Akẹ́kọ̀ọ́ a tú u sí “wọ̀bìà ìwé”, bí ẹni pé ikán ni wọ́n ń sọ. Yorùbá ní kúndùn. Ó kúndùn ìwé kíkà: ó parí. Ẹni tó ń retí ọmọ rẹ̀ láti ìdálẹ̀, ara rẹ̀ wà lọ́nà. Ẹni tó fẹ́ nǹkan lójú méjèèjì ń hára gàgà. Ẹni tí ohun tó fẹ́ràn ti jìnnà sí ń yán hànhàn. Àwọn kan yóò fèsì pé Yorùbá náà a máa fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ sọ ohun gbogbo, pé a ń jẹ oyè, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ ayé, a sì ń jẹ ìyà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n jíjẹ ló ń rìn káàkiri báyìí. Ebi kì í tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń du oyè, a kì í sọ pé ebi oyè ń pa á. Oyè ló ń wù ú. Ẹni tó jẹ gbèsè, ebi gbèsè kọ́ ló sún un dé ibẹ̀. Òùngbẹ a máa yà bàrá díẹ̀, nítorí pé a ń gbọ́ pé ẹnì kan ń pòùngbẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnì kejì. Ebi a máa dúró síbi ikùn. Bí akéwì òde òní bá wá kọ “ebi ìmọ̀”, kò sí ẹni tí yóò mú un, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti mọ̀ pé àfiwé ni òun ń ṣe. Àṣẹ wà lọ́wọ́ akéwì. Olùtúmọ̀ ìròyìn kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yóò na ìka sí Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990. Wọn yóò ní bí kò bá sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò bá tí rọrùn láti máa fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ ní yunifásítì. Ta ló ń bá iṣẹ́ ribiribi yẹn jà? Fóníìmù àti mọ́fíìmù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ẹni tó ń kọ́ni nípa wọn ló nílò orúkọ fún wọn, ó sì tọ́ kí ó jókòó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ebi ti wà kí ìwé tó dé. Kò sí àbà kan láti Kétu títí dé Ọ̀wọ̀ tí wọn kò ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Kí a wá kó irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe èdè-ìperí wọ inú ilé ìdáná, bí ìgbà tí ènìyàn gbé àdá lọ fá irun orí ọmọ tuntun ni.

Bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé eré àwọn onímọ̀ ni gbogbo èyí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní May 2023 ni oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbówó lórí sí i ní Nàìjíríà. Ní June 2024, ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ fi hàn pé iye owó oúnjẹ ti fi ohun tó ju 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn jáde ní August 2024 láti fi ẹ̀hónú hàn, igbe tí wọ́n ń ké nílẹ̀ Yorùbá kò gùn: ebi ń pa wá. Olùwà wà níbẹ̀, àbọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe sì wà láàárín. Àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ ní Yorùbá sáàárín Gẹ̀ẹ́sì wọn, nítorí pé wọn kò rí èyí tó jù ú lọ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù December ọdún kan náà, wọ́n pe àwọn ọmọdé sí àríyá ọdún nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Bàṣọ̀run, ní Ìbàdàn, wọ́n sì ní àwọn yóò pín ẹ̀bùn. Èrò pọ̀ ju ààyè lọ. Ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn tún kú bákan náà ní Okija, ní ìpínlẹ̀ Anambra, àti ní Abuja, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ. Nínú àwọn tó jáde lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ebi ló lé àwọn kan jáde. Àwọn ọmọdé mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọdún ni wọ́n ń hára gàgà fún, bí ọmọdé ti í ṣe. Bí Gẹ̀ẹ́sì iwájú olùtúmọ̀ ìròyìn bá wá fi ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe yìí pe irú èrò bẹ́ẹ̀, tí òun sì kọ “àwọn oníwọra” sílẹ̀, tí wọ́n kà á jáde lórí afẹ́fẹ́, kì í ṣe àṣìṣe gírámà ló ṣe. Ó ti sọ fún ìyá tó ń sunkún nílé pé ìwọra ló pa ọmọ rẹ̀. Kò sí ìwé ìtọrọ-àforíjì tó lè pa irú ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ létí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ilé ìwòsàn tún ni ibòmíràn tí ọ̀ràn náà ti le. Ọ̀kan nínú àwọn àmì àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ni kí ebi máa pa ènìyàn ṣáá, kí ó jẹun tán kí ebi tún dé, kí ó sì máa rù síbẹ̀. Òùngbẹ àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́ a sì máa bá a rìn. Ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà wọ ibi tí ara yóò ti lò ó, nítorí pé insulin kò tó tàbí kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ara ń ké ebi nígbà tí oúnjẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìwé pélébé tó bá kọ “wọ̀bìà” sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì àìsàn náà ti pa aláìsàn lẹ́nu mọ́. Àgbàlagbà wo, tó ti ní ọmọ-ọmọ, ni yóò dúró níwájú nọ́ọ̀sì tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ, tí yóò ní òun ti di wọ̀bìà? Yóò dákẹ́, yóò sì máa jẹun ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá béèrè pé, “Bàbá, ǹjẹ́ ebi kì í tún pa yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun tán?” yóò dáhùn.

Ti ọmọdé tí àìjẹunrekánú ti wọ̀ lára tilẹ̀ tún yàtọ̀. Ní 1935, dókítà Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, mú ọ̀rọ̀ kwashiorkor láti inú èdè Gã wọ inú ìwé ìṣègùn. Látìnì wà níbẹ̀ bí ó bá fẹ́ ẹ. Kò lò ó. Orúkọ tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń pe àìsàn náà ló gbà, orúkọ tó tọ́ka sí ọmọ tí àbúrò dé lé lórí, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ pàdánù ọmú ìyá rẹ̀. Gbogbo ayé ìṣègùn gba orúkọ náà, wọ́n sì ń lò ó títí di òní. Ọmọ tí kwashiorkor mú, ara rẹ̀ a wú, irun rẹ̀ a yí àwọ̀ padà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni oúnjẹ kì í sì í wù ú mọ́. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì tí a dárúkọ lókè tó lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, láti orí esurient dé orí ravenous, nítorí pé gbogbo wọn ló gbà pé ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo yóò máa wá oúnjẹ kiri. Yorùbá sọ ọ́ ní ìmí kan: ebi ń pa ọmọ náà, ṣùgbọ́n jíjẹ kò wù ú. Nọ́ọ̀sì tó bá mọ bí a ti ń ya gbólóhùn méjèèjì yìí sọ́tọ̀ yóò bi ìyá ọmọ náà ní ìbéèrè méjì dípò ẹyọ kan, ìdáhùn méjì ni yóò sì kọ sínú káàdì.